Òpó Èéfín Senja Ruona

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Senja Ruona fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Calumet, ní òkè Michigan lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti máa ń bo fèrèsé ìsàlẹ̀ kí oṣù kejì tó parí. Kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Bí yìnyín bá dí títì, á sọ̀kalẹ̀, á mú ṣọ́bìrì, á sì máa kó o títí táyà á fi rí ibi tẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí òun jókòó ti ààrò irin òun, kí òun máa hun ìbọ̀sẹ̀, kí òun sì máa mu kọfí láìwo aago.

Omi ni kò jẹ́ kó jókòó.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí àbàwọ́n kékeré lára àjà pálọ̀, lẹ́bàá ibi tí òpó èéfín ti gba inú ilé kọjá lọ sókè òrùlé. Òpó náà ti tó àádọ́fà ọdún. Bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, inú rẹ̀ sì ni èéfín igi tí Senja ń dá nínú ààrò máa ń gbà jáde. Nígbà tí yìnyín ọdún náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, àbàwọ́n náà fẹ̀ tó ojú tábìlì. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Senja gbé garawa síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹrin, ó rí nǹkan pupa kan nínú koríko níwájú ilé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ojú bíríkì ni, ó ṣí kúrò pẹlẹbẹ bí èèpo igi.

Ó ránṣẹ́ pe àwọn tó ń tún òrùlé ṣe. Ọkùnrin tó wá kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí àkàbà.

"Mà, òpó yìí ti kú," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká wó o, ká ki páìpù irin bọ ibẹ̀. Ọjọ́ méjì péré, a ti parí."

"Tí mi ò bá fẹ́ páìpù irin ńkọ́?"

"Ẹ ó máa da garawa nù nìyẹn."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Wesley, àbúrò Rudy ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, yà wá mu kọfí. Òun náà ní kó wó o.

"Senja, wo ara rẹ náà. Ṣé ìwọ lo fẹ́ gun òrùlé ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lè gùn ún?"

Wesley wò ó, ó sì gbé kọfí rẹ̀ mu. Ó ti mọ ojú yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Senja mọ̀ pé páìpù irin lè gbé èéfín jáde. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí iná mànàmáná fi ọjọ́ mẹ́rin lọ láàárín òtútù, ààrò yẹn àti òpó yẹn ló sì mú kí òun àti Rudy rí ọjọ́ karùn-ún. Ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ayé bàbá bàbá Rudy, kò rí ìdí tí wọ́n á fi wó o, nítorí pé ẹnì kan fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò ó.

Ó lọ bá Guerino Bracco. Bàbá náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Bíríkìlà ni, ọmọ bíríkìlà sì ni. Òpó èéfín tí kò tíì fọwọ́ kàn kò pọ̀ nílùú náà. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè gun nǹkan kan mọ́. Senja fi ọkọ̀ gbé e wá sílé, ó gbé àga fún un sínú koríko, ó sì fún un ní awò tí Rudy fi máa ń wo ẹyẹ lókèèrè.

Bàbá gbé awò sójú, ó wo òkè pẹ́.

"Ta ló kun nǹkan dídán yẹn sí i lára?"

"Ọkọ mi ni. Ó ku ọdún kan kó kú. Ó ní kí omi má bàa wọlé ni."

"Òun gan-an ló bà á jẹ́." Bàbá sọ awò kalẹ̀. "Mi ò bú u o. Bíríkì máa ń mu omi, á sì tún mí i jáde. Ọkọ rẹ fi ọ̀rá wé e pa. Omi wá gba ibi tó sán wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Òtútù dé, omi dì, ó wú, ó sì ta ojú bíríkì dànù."

Ọ̀rọ̀ náà dun Senja. Ó rántí Rudy lórí òrùlé yẹn, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, bó ṣe ń nahùn sí òun nísàlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ omi ti parí. Inú bí i sí bàbá yìí débi pé ó fẹ́ dá a padà sílé. Ó kó ọwọ́ sápò, ó wo ilẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó béèrè pé, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí ọ̀dà náà kúrò?"

"Èyí tó bá ti ṣí lójú, wàá yọ ọ́, wàá fi òmíràn rọ́pò. Èyí tó kù, wàá ha á. Ọwọ́ lásán ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣé o ní sùúrù?"

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kó ọgọ́ta ọmọ sẹ́yìn mi láràárọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ó dáa. Ọ̀la, aago méje. Mi ò kì í fi ṣúgà sí kọfí."

Wesley kùn, ṣùgbọ́n òun ló kan pákó ìdúró yí òpó náà ká, òun náà ló sì so okùn mọ́ Senja níbàdí. Gbogbo oṣù kẹfà ni Senja fi ha ọ̀dà Rudy kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi òòlù àti irin ṣóńṣó yọ àpòpọ̀ tí wọ́n fi so bíríkì pọ̀, èyí tó ti jẹrà. Ibi tí wọ́n ti ń wó ṣọ́ọ̀bù bàtà kan nílùú ló ti rí ogójì bíríkì tó bá ti òpó náà mu. Nígbà tó ra sìmẹ́ǹtì dé, bàbá ní kó dá a padà.

"Èyí tó bá le ju bíríkì lọ, bíríkì ló máa fọ́. Ẹfun ìkọ́lé àti yanrìn ni wọ́n fi mọ ọ́n, òun náà la máa fi tún un ṣe."

Ọjọ́ méjì ni Senja fi dí àárín bíríkì ní ojú kan òpó náà nínú oòrùn, inú rẹ̀ sì dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá ní kó fi kọ́kọ́rọ́ ha á. Ó ń dà nù bí iyẹ̀pẹ̀.

"Oòrùn ti fa omi inú rẹ̀ kó tó dì," bàbá wí láti orí àga. "Yọ gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ṣé ìdajì òpó ni òjò máa pa ni?"

Senja mú òòlù, ó yọ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, á kọ́kọ́ wọ́n omi sí bíríkì, á di àpòpọ̀ náà sí i díẹ̀díẹ̀, á sì fi àpò tútù bò ó. Ní oṣù kẹjọ, ó da kọnkéré tuntun sórí òpó náà, ibẹ̀ nìkan ni bàbá ti gbà kó lo sìmẹ́ǹtì, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ síta kí omi lè máa kán jìnnà sí ara bíríkì, ó sì fi ìdérí irin tó ní àwọ̀n dé ihò rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti sán, èjìká rẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ ti dára ju ti ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lọ.

Òjò gidi dé ní oṣù kẹsàn-án. Ó rọ̀ láti àárọ̀. Senja jókòó sí pálọ̀, ó gbójú sókè. Nígbà tó di ọ̀sán, omi kán. Ó tún kán.

Kò sọkún látìgbà ìsìnkú Rudy. Ó sọkún lọ́jọ́ náà, lórí àga, tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó sọkún tán, ó bójú, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó sì gun òkè àjà lọ. Ó dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn igi òrùlé, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tó tutù. Ara òpó gbẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi ti ń wá, níbi tí òrùlé ti dà gẹ̀rẹ́ wá bá a, tí òjò àti yìnyín ti ń kó jọ sí.

Ó sọ fún Guerino. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ nu ẹnu.

"Ẹ̀bi mi ni. Mi ò lè rí ẹ̀yìn òpó láti ibi àga yìí, mi ò sì sọ pé kó o lọ wò ó. Páànù tó yí ẹsẹ̀ òpó ká lórí òrùlé, tó ń lé omi síta, ti ya nìyẹn."

"Kí la máa ṣe?"

"Ká kọ́ òrùlé kékeré kan sẹ́yìn òpó náà, kó máa pín omi sí ọ̀tún àti òsì. Ká wá fi páànù tuntun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ká ki etí rẹ̀ bọ àárín bíríkì. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ o, Senja. Yìnyín ti ń bọ̀. A lè fi ọ̀rá bò ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Rárá," ni Senja wí. "Ọdún yìí ni."

Wesley dé láìpè, òun ló gé igi òrùlé kékeré náà. Páànù bàbà ni Senja lò. Tábìlì ìdáná ló ti ń tẹ̀ ẹ́, Guerino jókòó tì í, ó ń fi ìka tọ́ka ibi tó yẹ kó ṣẹ́. Afẹ́fẹ́ adágún ńlá tó wà nítòsí ìlú ti ń jẹni létí nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn sókè. Kó tó sọ̀kalẹ̀, ó fi oògùn olómi kan pa bíríkì náà lára, irú èyí tó ń lé omi síta tí kò sì dí bíríkì nímú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Guerino ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ kó tó gbà.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà ni yìnyín àkọ́kọ́ bọ́. Gbogbo ìgbà òtútù ni Senja fi dáná. Nígbà tó di oṣù kẹrin, tí yìnyín yọ́, tí omi ń ṣàn lójú títì, àjà pálọ̀ gbẹ. Guerino wá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara òpó náà nínú ilé, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ń mí," ló wí.

Bàbá kú ní ọdún kejì, ó sì fi gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Senja. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, òpó èéfín mọ́kànlá ni Senja ti tún ṣe nílùú náà, Wesley sì ni ó ń po yanrìn àti ẹfun fún un. Wesley ṣì ń kùn. Bí oníṣẹ́ kan bá wí fún onílé pé kó wó tirẹ̀, àwọn ará àdúgbò á ní kó kọ́kọ́ lọ pe Senja kó wá wò ó. Yóò wá, yóò gun òrùlé, yóò sì kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn òpó.