Ọjọ́ Tí Mo Dúró Kí Ìyá Àgbà Nínú Ẹrẹ̀

Ọkọ mi kì í sùn nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn bá ń wà. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, yálà bọ́ọ̀sì la wọ̀ lọ sí Èkìtì ni o, yálà dírẹ́bà ìjọba ló gbé e lọ sí ìpàdé, ojú rẹ̀ kì í kúrò lójú títì. Á máa fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá wọ bàálù, yóò lọ kan ilẹ̀kùn awakọ̀ kó lè rí i dájú pé onítọ̀hún kò sùn.

Nígbà tí àìsàn ojú wá mú un, tí ìríran rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, dókítà kan ní Jericho sọ fún un pé kó má wa mọ́tò mọ́. Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi pé òun ń wo ayé bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Kò sunkún, kò sì bínú. Ó jáde sẹ́yìn ilé wa ní Bodija, ó fọ jíìpù àtijọ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ìṣó. Jíìpù yẹn ló ń gbé e lọ sí oko rẹ̀ lẹ́yìn Mọ́níyà, níbi tó gbin ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí nígbà tó fẹ̀yìn tì. Mọ́tò kékeré kò lè dé ibẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ti fi ọ̀kadà léèwọ̀ fún un.

Ọmọ wa ọkùnrin tó ń gbé ní Challenge ló wá ẹni tó máa ra jíìpù náà. Ó ní, "Dádì, ọkọ̀ tí ẹ ò lè wà mọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi kò ti jẹun dáadáa mọ́. Ọmọ Èkìtì ni. Ẹni tó bá gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí jíìpù yẹn bá fi kúrò ní àgbàlá wa, kò ní dé ìdí àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ mọ́, kó tó di pé ìwọ̀nba ìríran tó kù náà lọ.

Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀ wíwà ni, lẹ́yìn tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ring Road tó ń jẹ bisikíìtì bó ṣe ń kọ́ èèyàn. Títì ọ̀dà nìkan ni mo mọ̀. Mo ti wà á dé Dùgbẹ̀ láìkọ lu ẹnikẹ́ni. Mo ti bá àwọn onítakisí Agbowó ta ohùn, n kò sì gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kò gbọ́ èébú, mo mọ ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé ni ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ máa wá. Ní àárọ̀ Sátidé, mo já kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó.

"Dádì, ẹ wọ bàtà yín. Oko là ń lọ."

Ó wò mí títí. "Ta ló máa wà wá?"

"Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni."

"Mọ́mì, ọ̀nà yẹn kì í ṣe Bodija o."

"Mo mọ̀. Bí mo bá gbé yín débẹ̀, tí mo sì gbé yín padà, ẹ ò ní tà á mọ́. Bí n kò bá lè gbé yín, kí wọ́n wá máa gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bí a ṣe kúrò lórí ọ̀dà lẹ́yìn Mọ́níyà, ọkọ mi di irin òkè ilẹ̀kùn mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Kò rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ rántí gbogbo rẹ̀. "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ń bọ̀. Kó táyà sójú ipa, má sá fún un." Mo kó o síbẹ̀. Jíìpù ń jó, eyín mi ń lu ara wọn, inú mi sì ń dùn bí ti ọmọ tí wọ́n gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o rántí," ó wí. "Bí o bá wọ ẹrẹ̀, má dúró. Ohun yòówù kó rí, má dúró. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi, ṣùgbọ́n ìgbín kì í sọ̀ kalẹ̀ lágbedeméjì lọ kí aládùúgbò."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti gbọ́.

Kò pẹ́ la dé ibi kòtò kan tí ẹrẹ̀ kún bo ọ̀nà. Mo wọ̀ ọ́, ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Àfi bí mo ṣe rí ìyá àgbà kan níwájú, tí wọ́n ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ti yà sínú koríko kí a lè kọjá. Mo ní bí mo bá sáré kọjá, ẹrẹ̀ á ta sí wọn láṣọ. Mo tún ní, ṣé èmi yìí náà ni màá jókòó sínú ọkọ̀, tí màá kọjá lára ẹni tó tó bí mi lọ́mọ láìkí wọn? Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí bíréèkì. Mo yí gíláàsì wálẹ̀, mo sì tẹrí ba mọ́ sítíarìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ oko, Màmá. Ẹ kú òjò."

Ìyá dáhùn. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, mo sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkọ mi ti fi ọwọ́ kan lérí, ìkejì ṣì di irin ilẹ̀kùn mú. Nígbà tí mo wọ jíà tí mo ní kí n máa lọ, táyà yí, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan.

"Má tẹ tọ́tùù," ọkọ mi wí.

Mo tẹ̀ ẹ́, torí inú ti bí mi. Táyà han, ẹrẹ̀ fò sókè, ó sì bo ìró ìyá àgbà tí mo tìtorí rẹ̀ dúró, láti òkè délẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́ títí tí abẹ́rẹ́ ìgbóná fi lọ sókè pátápátá, tí ooru fi yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ẹnjìnnì sì kú.

Ọkọ mi fi irin ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Kò burú," ó wí jẹ́jẹ́. "O gbìyànjú. Màá pe ọkùnrin tó fẹ́ rà á yẹn kó wá gbé e níbí."

Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá sunkún. Ìtùnú yẹn ló gún mi. "Ẹ ò ní pe ẹnikẹ́ni," mo wí. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká wo ohun tó ṣe é."

Ìyá àgbà ti sọ agbọ̀n wọn kalẹ̀. Wọ́n wo ìró wọn, wọ́n wo táyà tó ti rì, wọ́n wá wò mí. "Ìyàwó, ìkíni rẹ mà wúwo o. Ó ri mọ́tò."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ọkọ mi náà bú sẹ́rìn-ín, ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn ti pẹ́. Ìyá ké sí àwọn ọkùnrin méjì tó ń tu ẹ̀gẹ́ nítòsí pé kí wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ wá, kí wọ́n sì pọn omi wá láti odò.

Mo fẹ́ lọ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ọkọ mi ní yóò bó mi lọ́wọ́, pé kí n jẹ́ kó tutù ná. Nígbà tó tutù, ó ní, "Mú ọwọ́ mi dé ibi rọ́bà ńlá tó wọ orí rédíétọ̀." Mo mú un débẹ̀. Ìka rẹ̀ rìn lórí rọ́bà náà, ó sì dúró. "Ibí ni. Wò ó fún mi, ṣé ó ya jìnnà?"

"Ẹnu ibẹ̀ nìkan ni. Kò gùn ju èékánná lọ."

"Gé ibi tó ya dànù, kí o wá ti èyí tó kù padà sẹ́nu irin."

Ọ̀bẹ tí ìyá fi ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo fi gé e, orí ọ̀bẹ náà ni mo sì fi yí ìdè irin rẹ̀ padà kó le. A bu omi sí i. Àwọn ọkùnrin yẹn ki imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ táyà. Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tó ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà á, n kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fà á, mo sì ṣíná ọkọ̀.

"Má bínú sí i mọ́," ọkọ mi wí. "Ọkọ̀ máa ń mọ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń bínú."

Mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí ẹni ń sọ ọmọ tó ti sùn kalẹ̀ lẹ́yìn. Jíìpù mì, ó kérora, ó sì gun imọ̀ ọ̀pẹ jáde sí orí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo kígbe. Àgbà ìyá bíi tèmi, mo ń lu sítíarìn, mo ń kígbe nínú igbó, ojú kò sì tì mí.

Nígbà tí a dé oko, ó ń lọ láti ìdí ọ̀pẹ kan dé òmíràn, ó ń fi ọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé koríko ti gba gbogbo ibẹ̀, pé ta ló gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí bí ẹni tí kò ní ìyá. Àròyé yẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo rí ìyá àgbà létí kòtò yẹn, wọ́n ti fọ ìró wọn, wọ́n sá a sórí igi. Wọ́n na ọwọ́ sókè látòkèèrè.

"Ìyàwó, má dúró kí mi o! Ti àárọ̀ ṣì kù!"

N kò dúró. Mo yọ orí síta, mo sì kí wọn bí mo ṣe ń lọ, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Nígbà tí ìkíni fi máa tán, ẹrẹ̀ ti wà lẹ́yìn wa.

A gun ọ̀dà. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo sì rò pé nǹkan kan ń bí i nínú. Ní Agbowó, nígbà tí ọkọ̀ dí ọ̀nà, mo ráyè wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń sùn.

Mo ń wò ó lọ, ọkọ̀ ẹ̀yìn mi ń fun fèrè, n kò dá a lóhùn. Fóònù tó wà lápò rẹ̀ ló jí i. Ó gbé e sétí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Mo mọ ẹni tó ń pè.

"Ẹ má bínú," ó wí. "A ò tà á mọ́. Rárá o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọkọ̀ náà ti rí dírẹ́bà ni."

Ó fi fóònù sápò padà. Kí a tó yà wọ Bodija, ó ti ń hanrun.