Lẹ́tà Ọ̀gá Mi sí Kánádà

Gbogbo ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ mi ló ti pé, àfi lẹ́tà ọ̀gá mi.

Iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe ní Ìkìrun nígbà yẹn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ṣùgbọ́n Òkukù ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, èmi náà ni mo sì fi ẹnu yọ wọ́n lẹ́nu jù.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni pé ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà ń wá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kì í ṣe fún ìlú ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ o. Àwọn ìlú kéékèèké tí àwọn ọmọ wọn ti kó lọ sí ìgboro ni wọ́n ń wá èèyàn fún. Bí ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ bá gbà ọ́, tí ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí i, tí o sì fi hàn pé o máa jókòó síbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí o wá ṣiṣẹ́, tó bá yá, wọ́n á fún ọ ní ìwé ìgbélùú títí láé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ìkórè ti rí fídíò iṣẹ́ mi, wọ́n sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́ rí: irú iṣẹ́ tí mo ṣe, iye wákàtí tí mo ń lò lọ́sẹ̀, àti irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Inísà, bi mí pé báwo ni ìlú ọ̀hún ṣe tóbi tó.

"Kò tó Inísà, Màámi."

"Ṣé ọkọ̀ òfurufú lo wá fẹ́ wọ̀ lọ síbi tí kò tó Inísà?"

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkukù. Férémù fèrèsé ni mo bá lọ́wọ́ Ọ̀gá, wọ́n sì ní kí n di apá kan mú. A parí rẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè ohun tí mo bá wá. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ọ̀rọ̀ wákàtí ló kọ́kọ́ dá wọn dúró.

"Wákàtí mélòó? Mo mọ ìgbà tí o ń dé, mo mọ ìgbà tí o ń sá lọ. Èwo ni kí n kọ níbẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, Ọ̀gá."

Mi ò mọ̀ pé mo ti fi ẹnu ara mi kó bá ara mi.

Ọ̀gá ò kọ lẹ́tà rí láyé wọn. Ni a bá jọ wọkọ̀ lọ sí Inísà, kí wọ́n máa sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ìyá mi máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ìyá mi nu tábìlì oúnjẹ, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n sì di tíṣà padà.

Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà dùn. Ọ̀gá ní mo mọṣẹ́, n kì í pẹ́ dé, mi ò sì jí irin rí. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ó máa ń jiyàn."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìyẹn kúrò."

"Ẹ̀rí ni wọ́n ní kí n jẹ́. Ṣé ẹ̀rí èké lo fẹ́?"

Mo wo ojú ìyá mi bóyá wọ́n á gbà mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ. "Láti kékeré ló ti ń ṣe é," ni ìyá mi wí. "Ẹ máa wí, mò ń bá yín bọ̀."

Ọ̀gá ń fi àtàǹpàkò ra etí tábìlì. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ṣe géètì fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Igbáyè. Mo ní kí ó fi ìńjìsì méjì gbé e kọ́ òpó. Ó ní méjì ò lè gbé e, pé mẹ́ta ló yẹ. Mo bi í pé ta ni ọ̀gá nínú àwa méjèèjì. Ó jó méjì mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí géètì fi ń wọ́ nílẹ̀, tí àwọn ọmọ ìjọ ń gbé e sókè kí wọ́n tó ráyè wọlé lọ jọ́sìn. Ẹ kọ ọ́ pé òun ló tọ̀nà."

Ọdún tí a ṣe géètì yẹn, Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n kàn gbé ẹ̀rọ lọ sí Igbáyè láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jó ẹ̀kẹta mọ́ ọn, wọ́n sì padà wá bá mi wí pé mi ò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo dìde nídìí tábìlì, mo lọ bu omi wá fún Ọ̀gá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ náà pè mí lórí fídíò. Pálọ̀ ìyá mi la lò, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára jù. Ìyá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ fóònù ò ní fi wọ́n hàn rárá. Ọ̀gá dé fìlà, wọ́n jókòó sẹ́yìn fóònù, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀.

Obìnrin tó ń ṣe máníjà mú lẹ́tà náà lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo máa ń jiyàn. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní ẹni tó kọ lẹ́tà yìí wu òun. Mo ní wọ́n wà níbí. Kí n tó mọ̀, Ọ̀gá ti bọ́ síwájú fóònù, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi Yorùbá kí obìnrin náà, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè iṣẹ́, wọ́n sì bá a kẹ́dùn òtútù. Ìyá mi ń ṣe ògbufọ̀ láti ẹ̀yìn àga.

Ìbéèrè tó le ló gbẹ̀yìn. Obìnrin náà ní àwọn kan tí àwọn mú wá, bí wọ́n ṣe gba ìwé tán ni wọ́n sá lọ sí ìlú ńlá. Kí ló máa mú èmi dúró? Mo ti há ìdáhùn kan sórí, ṣùgbọ́n ó pòórá. Mo bá sọ òótọ́: wọ́n bí mi ní Inísà, mo kọ́ṣẹ́ ní Òkukù, mò ń jẹun ní Ìkìrun. Mi ò tíì gbé ibi tí èèyàn ti lè wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí aládùúgbò má bèèrè ohun tó ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò l'Ékòó, ṣe ni mo ń ka ọjọ́. Ó ní bí ìlú àwọn náà ṣe rí gan-an nìyẹn, kí n má sọ pé òun ò kìlọ̀ fún mi.

Wọ́n gbà mí, ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìwé ò tètè dé. Mo ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, mo ṣe àyẹ̀wò ara, mo dúró títí mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí gbogbo ẹni tó ti ṣàdúrà ìrìn-àjò fún mi ló ń bi mí pé ṣé mi ò tíì lọ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n dá àdúrà òun padà.

Mo lọ nígbẹ̀yìn. Ìwé iṣẹ́ ni mo fi wọ̀lú, ìwé ìgbélùú títí láé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóṣù tó kọjá. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi, wọ́n sì pè mí kíá.

"Títí láé tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí, ṣé kò ní kí o má wálé?"

"Rárá o, Màámi. Mo lè wálé nígbàkígbà."

"Èmi ńkọ́, ṣé mo lè wá?"

Mo ní wọ́n lè wá ṣèbẹ̀wò. Ni ìyá mi bá ní kí n bá àwọn ra kóòtù tó nípọn, kó má jẹ́ dúdú. Mo rà á lọ́jọ́ Sátidé, aláwọ̀ ewé, ó sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi báyìí.