Òwú Pupa Lẹ́nu Àpò Màámi

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí àpò irú kan ní Onitsha níbí. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, àmọ́ àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá rántí.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti Bàbá Dámi ti wà lápá ibí. Awada là ń gbé. Ilé-iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé e wá, èmi sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mò ń ta mílíìkì, ṣúgà, bisikíìtì àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ́kàn o, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Màámi wà ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Télọ̀ ni wọ́n nígbà tí agbára ṣì wà. Ní báyìí, irú ni wọ́n ń ṣe tà. Lóṣooṣù wọ́n á di irú àti ẹ̀gúsí sínú àpò fún mi, Kúnlé àbúrò mi á gbé e fún dírẹ́bà ní páàkì, èmi á lọ gbà á ní páàkì Upper Iweka níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibí rí mọ̀ pé ogiri tí wọ́n fi ń sebẹ̀ níbí kì í ṣe irú tiwa!

Èmi náà kì í dá àpò yẹn padà lófìfo. Màá fọ̀ ọ́, màá ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn ará Odekpe létí odò, màá tò ó sínú kátọ́ọ̀nù mílíìkì tó ti ṣófo kó má baà fọ́, màá kì í bọ inú àpò, dírẹ́bà á gbé e lọ fún Màámi.

Àmọ́ Màámi ò fọkàn tán dírẹ́bà kankan láyé yìí. Abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú pupa ni wọ́n máa ń fi rán ẹnu àpò pa. Rírán télọ̀ ni o! Ó máa ń gún régé, ó máa ń sún mọ́ra débi pé èèrà ò lè ráyè wọlé. Tí mo bá ti rí i, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo rí ìyá mi gan-an.

Lóṣù tí mò ń sọ yìí, mo dé páàkì, mo wo àpò. Òwú pupa wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ rírán yẹn! Ó wọ́, ó fẹjú, ó fò síhìn-ín, ó fò sọ́hùn-ún. Ta ló rán eléyìí?

Dírẹ́bà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo ní ó ti tú àpò mi, ó sì ti tún un rán. Ọkùnrin náà lajú sí mi.

"Madam, abeg! Me wey no sabi sew button? Na so your brother give me the bag."

Mo tú àpò náà níwájú ẹ̀. Kò sóhun tó dín. Ojú tì mí, mo bẹ̀ ẹ́, mo gbé ẹrù mi. Ìgbà yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Tí kì í bá ṣe dírẹ́bà, a jẹ́ pé láti ilé ni. Kí ló sì lè mú kí Màámi gbà kí ẹlòmíì rán àpò àwọn?

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti pè wọ́n. Ohùn wọn já geere. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mo béèrè ọ̀rọ̀ rírán, wọ́n ní ìyàwó Kúnlé ló fẹ́ kọ́ ọ. Ìyàwó Kúnlé? Ẹni tó jẹ́ pé tí bọ́tìnì kan ṣoṣo bá já lára ẹ̀wù ọkọ ẹ̀, ọ̀dọ̀ télọ̀ ló ń gbé e lọ?

Mo pe Kúnlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "ẹ̀lọ́ọ̀" ni o, ó ti fò mọ́ ọn: "Àǹtí mi, Màámi wà dáadáa, wọ́n wà dáadáa gan-an ni!"

Ṣé mo tíì béèrè ni?

Láti ìgbà yẹn, mi ò lè jókòó mọ́. Mo gbé ìkòkò kaná, mo gbàgbé omi. Mo jáde sí fàráńdà, mo wọlé, mo tún jáde. Bàbá Dámi ní òwú lásán ni mò ń torí ẹ̀ dààmú ara mi. Aládùúgbò wa, Nne Ifeoma, wò mí títí.

"Nne Dami, ọ gịnị? Since morning you dey waka up and down. Sit down na!"

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò jókòó.

Kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí bàbá mi kú, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó sọ fún mi. Wọ́n ní ọ̀nà jìn, wọn ò fẹ́ kí n fi ìpayà wọ mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí mo fi ń tajà, tí mò ń bá kọ́sítọ́mà ṣeré, bàbá mi ti lọ! Ṣé wọ́n tún fẹ́ ṣe irú ẹ̀ fún mi ni?

Lọ́jọ́ kejì, mo ní fídíò ni mo fẹ́. Ariwo bẹ̀rẹ̀! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Fóònù ò níná. Kúnlé ò sí nílé. Mo pè, mo pè, títí ó fi sú wọn, wọ́n gbé e. Ìyàwó Kúnlé ló di fóònù mú. Ojú Màámi yọ, wọ́n wé gèlè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú nìkan o! Tí mo bá ní kí ìyàwó Kúnlé sún fóònù sẹ́yìn díẹ̀, síwájú ni yóò tún sún un.

A sọ̀rọ̀ títí, mi ò rí nǹkan kan mú. Ọkàn mi ti ń fẹ́ balẹ̀. Mo ní ó dàbọ̀, Màámi. Wọ́n ní ó dàbọ̀, Àbẹ̀kẹ́, wọ́n sì juwọ́ sí mi.

Ọwọ́ òsì.

Ìyá mi! Obìnrin tó gbá mi létí ní kékeré torí pé mo fi ọwọ́ òsì gba bisikíìtì lọ́wọ́ àlejò! Tó jẹ́ pé tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó juwọ́ séèyàn! Mo pariwo.

"Màámi, ọwọ́ ọ̀tún yín dà?"

Ìyàwó Kúnlé bú sẹ́kún, fóònù yí wálẹ̀, mo sì rí i: POP funfun láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n ti ṣubú lẹ́bàá kànga, eegun ti kán, ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ẹbí ló mọ̀, àfi èmi.

Inú bí mi! Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ fún ìyá ẹ̀. Mo ní ṣé torí pé mo wà ní Onitsha ni mi ò fi jẹ́ ọmọ wọn mọ́? Mo ní ṣé tiwọn náà, ọjọ́ kẹta ni wọ́n fẹ́ kí n gbọ́ ọ?

Màámi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá bi mí ní jẹ́jẹ́.

"Àbẹ̀kẹ́, kátọ́ọ̀nù mílíìkì dà?"

Kò kọ́kọ́ yé mi.

"Láti ìgbà òjò, inú ọ̀rá ni ẹja rẹ máa ń wà tó bá dé. Ta ló ń ta mílíìkì tí ò ní rí kátọ́ọ̀nù?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Onílé ta ilé, ẹni tó rà á ní kí gbogbo wa kó jáde, mi ò sì tíì rí òmíràn. Oṣù márùn-ún ni mo ti ń sọ fún Màámi lórí fóònù pé ọjà ń tà, pé kọ́sítọ́mà ò jẹ́ kí n sinmi. Irọ́ ni! Irú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni mò ń pín sínú ọ̀rá kéékèèké, tí mò ń tà fún àwọn obìnrin Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo sì ti ń rí i pé irú náà ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Màámi á ní kí n fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nínú ẹ̀. Mo rò pé ọ̀yàyà lásán ni.

"Màámi, kí lẹ lọ ṣe lẹ́bàá kànga?"

Ìyàwó Kúnlé ló sọ ọ́. Wọ́n ń fọ irúgbá tí wọ́n fi ń ṣe irú. Wọ́n ti fọ abọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n máa ń tà, wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Wọ́n lọ pọn omi abọ́ kejì ni. Abọ́ kejì, tèmi ni, èyí tí wọ́n fi ń mú kí irú mi pọ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti jókòó, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fàráńdà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. Mo sunkún, Màámi sunkún. Mo sọ gbogbo òótọ́ fún wọn, látorí onílé dórí ọ̀rá irú.

Lọ́jọ́ kẹta mo wọ mọ́tò. Ta ló wà nídìí ẹ̀? Dírẹ́bà tí mo fẹ̀sùn kàn! Ó ní, "Madam, you carry needle today?" Ó tọ́ sí mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò n'Ìbàdàn, èmi ni mo ń fọ irúgbá.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Àwa tá a jìnnà sílé àti àwọn tó wà nílé, ìfẹ́ la jọ fi ń parọ́ fún ara wa. Àmọ́ tí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù láti oṣù àkọ́kọ́, a ò bá ti jọ wá nǹkan ṣe, Màámi ò bá má dá abọ́ kejì fọ̀. Ní báyìí, fídíò là ń pe ara wa ní gbogbo Sunday, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí ò lọ dáadáa kó tó ní òun wà dáadáa. Kúnlé ló ń pariwo jù!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àpò tún dé. Mo wo ẹnu ẹ̀: òwú pupa, ó wọ́, ó fẹjú. Kí n tó fa fóònù yọ, òun náà ti ń dún. Màámi ni.

"Èmi ni mo rán an o. Ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n ni. Má pe Kúnlé."

Mi ò fi ọ̀bẹ gé òwú yẹn. Mo rọra tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wà nínú páálí tí mò ń kó owó irú tí mò ń tà sí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi máa ń mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé kí wọ́n tó sọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe ilé, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tí ẹ̀yin náà ń fi pamọ́.