A Kì Í Fi Ọ̀dà Kun Àkàbà

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí pé ta ni wọ́n ti rẹ́ jẹ jù nínú pàṣípààrọ̀, kò ní ronú kó tó dá yín lóhùn. Kùn-ún-dán ni. Akunlé ni, ó sì mọ iṣẹ́ ọ̀dà dójú àmì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di fún-mi-n-fún-ọ, ọgbọ́n rẹ̀ tán nìyẹn.

Ó kun ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tinú-tòde, onígbàjámọ̀ ní òun á máa gẹ irun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan gbáko. Ẹ gbọ́ ná, irun wo? Orí tó ti pá láti ìgbà ọ̀dọ́! Ó kun ilé télọ̀, télọ̀ rán ṣòkòtò fún un, ṣòkòtò ò dé kókósẹ̀. Ó kun géètì ọkùnrin kan tó ń sin ẹyẹlé, ìyẹn fún un ní ẹyẹlé méjì. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ẹyẹlé ti fò padà sílé olówó wọn. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rọra o. Lọ́jọ́ kan ẹ ó fi èmi náà ṣe pàṣípààrọ̀, ewúrẹ́ aláìsàn ni wọ́n á sì fà lé yín lọ́wọ́.”

Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n inú ń bí i o. Ta ni inú ò ní bí?

Ọdún tí mò ń wí yìí le. Ilé iṣẹ́ ńlá tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò ti kógbá sílé, owó wá wọ́n bí ojú. Fún-mi-n-fún-ọ ni gbogbo wa fi ń jẹun. Òfin kan ṣoṣo ló sì ní: bí ọwọ́ bá ti kan ọwọ́, ó parí. Ẹni tó bá padà wá, tó ní ká tún un ṣe, wọ́n á ní torí ó rí i pé ẹnìkejì ló jèrè ni ojú fi ń kán an, kò sì sẹ́ni tó máa bá a da nǹkan pọ̀ mọ́.

Àbígbẹ̀yìn Kùn-ún-dán, ọmọbìnrin, ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán parí, kò ní máṣíìnì. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ fún àwọn aládùúgbò, ojú rẹ̀ sì ń fà ro lójoojúmọ́. Kò kúkú sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ló ń dun bàbá rẹ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Onífèrèsé wá sílé wọn lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin yìí ló ń fọ fèrèsé àwọn ilé gíga, iṣẹ́ náà ló sì fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ méjì tí ìyá wọn ti kú. Olè ti gbé àkàbà irin rẹ̀ lọ. Ó ní, “Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ní àkàbà méjì. Máṣíìnì ìyá mi wà nílé, mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ṣé ẹ lè fún mi ní ọ̀kan?”

Inú Kùn-ún-dán dùn, àyà rẹ̀ sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Lóòótọ́, àkàbà méjì ló ní. Onírin ló fi ń ṣiṣẹ́. Èkejì, onígi alátẹ̀gùn mẹ́rìnlá, ti já bọ́ látẹ̀yìn lọ́rì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti là lẹ́bàá àtẹ̀gùn kẹfà. Ó ti fẹ́ fi í dáná. Ó wo ọmọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó ní, “Ìyá, ẹ padà wá lọ́túnla. Ẹ jẹ́ n nù ún fún yín.”

Ohun kan wà tí gbogbo akunlé mọ̀: a kì í fi ọ̀dà kun àkàbà onígi. Kun ilẹ̀kùn, kun àjà, kun bàbá onílé fúnra rẹ̀ bó bá gbà fún ọ. Àkàbà, fi í sílẹ̀ bí igi ṣe rí, torí ọ̀dà a máa bo ibi tó bá là, ẹni tó sì fẹ́ gùn ún kò ní rí i. Akunlé tó bá rí àkàbà tí wọ́n kùn, kò ní fi ẹsẹ̀ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ni ín. Ṣùgbọ́n Ìyá Onífèrèsé kì í ṣe akunlé. Irin ló ti ń gùn láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Níbo ló ti fẹ́ mọ̀?

Kùn-ún-dán da gọ́ọ̀mù sójú ibi tó là, ó fi okùn dì í mọ́ra títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ, ó tú okùn, ó kan ìṣó kéékèèké méjì mọ́ ọn, ó fi pọ́tì funfun dí i, ó ha á títí ó fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àkàbà náà á gbé obìnrin náà. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá pé á gbé e. Irọ́ ni! Ẹni tó gbà pé á gbé e, kí ló fẹ́ fi ọ̀dà ṣe?

Nígbà tí Ìyá Onífèrèsé dé, ó pàtẹ́wọ́. “Háà, ẹ ò rí bó ṣe ń dán!” Ọwọ́ kan ọwọ́. Ó ti gbé máṣíìnì náà wá lórí ọmọlanke, ó fi aṣọ bò ó bí ẹni bo ọmọ tuntun, ó tún fi agolo bọ́tìnnì kan ṣe èènì fún ọmọ náà. Ó wá gbàdúrà fún Kùn-ún-dán. Ó ní, “Níbi iṣẹ́ yín, ẹ ò ní ṣubú o.”

Kùn-ún-dán ò ṣe àmín. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a ṣe é.

“Ibo lẹ ti máa kọ́kọ́ lò ó?” Kùn-ún-dán ló bi í bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni.

“Ilé ìwé alájà kan tó wà lẹ́yìn ọgbà. Lọ́la, Ọjọ́bọ̀. Gbogbo fèrèsé òkè ni wọ́n gbé fún mi.”

Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ò jẹ́ kí ọkùnrin yìí gbádùn. Gbogbo ilé ń yọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún aládùúgbò pé ọkọ òun náà ti gbọ́n. Ọmọ rẹ̀ jókòó ti máṣíìnì, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin sínú, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun.” Gbogbo ìgbà tó bá dúpẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń dìde jáde síta. 

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wà lórí àkàbà irin rẹ̀ nínú yàrá akọ̀wé kan, ó ń kun àjà. Nǹkan ńlá kan ré lulẹ̀ lóde: gbìì! Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n já sílẹ̀ látorí ọkọ̀, ó gbọ́ tí wọ́n ń bú ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ti rí lójú ara rẹ̀, kò lè padà má rí i mọ́: Ìyá Onífèrèsé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ àkàbà, aṣọ rẹ̀ ká sókè, kò mira. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àkàbà lé èjìká.

Akọ̀wé ní, “Ẹ̀yin, níbo lẹ ń lọ? Ìdajì lẹ mà kùn!”

Kùn-ún-dán ti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó ń sáré ní títì bí ẹni tí wọ́n ń lé, ìdí àkàbà ń kọ lu ògiri níbi gbogbo tó bá ti yà, àwọn èèyàn ń ṣépè fún un. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀ ọgbà, ó rí èrò tó pé jọ, obìnrin kan sì ń kígbe láàárín wọn.  Díẹ̀ ló kù kó tọ̀ sára. Ó sún mọ́ wọn, ó rí i pé ìjà omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń jà, ló bá tún sá lọ.

Nílé ìwé náà, ó bá a láàyè. Ìyá Onífèrèsé wà lórí àtẹ̀gùn kejìlá, ó fi ọwọ́ kan di etí fèrèsé mú, ó ń fi èkejì fọ dígí. Àkàbà tẹ̀ díẹ̀ nídìí rẹ̀. Kùn-ún-dán wo ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀dà ewé ti ya lẹ́bàá àtẹ̀gùn kẹfà, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti yọ.

Ó fẹ́ kígbe, ó gbé e mì. Ó gbé ti irin kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó lọ fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ibi tó là náà mú.

“Ta nìyẹn nísàlẹ̀?”

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé àkàbà irin mi wá fún yín. Ẹ jẹ́ ká pàrọ̀ rẹ̀.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, àkàbà sì ń mì bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n! Ẹ ti rí i pé mo jèrè ni. Ta ló ń fi ẹran pàrọ̀ egungun? Bàbá, ọwọ́ ti kan ọwọ́ o.”

“Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sáà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ n parí méjì yìí ná.”

Kí ni kó ṣe? Bó bá sọ òótọ́ fún un lókè yẹn, ẹ̀rù á bà á, ara rẹ̀ á gbọ̀n, gbígbọ̀n náà ló sì máa parí igi. Bí kò bá sọ ọ́, obìnrin á máa nà sọ́tùn-ún sósì. Ó dákẹ́, ó dì í mú. Omi ìdọ̀tí ń kán sí i lórí. Ó ń gbàdúrà, kò sì mọ ohun tó ń sọ. Níbi fèrèsé kejì, obìnrin náà nà gan-an, igi dún, ojú ibi tó là yanu, ó sì tún pa dé mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Igi náà bu ẹran níbẹ̀. Kùn-ún-dán ò jẹ́ kí igbe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Onífèrèsé wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ẹ̀kẹfà, Kùn-ún-dán ki èjìká bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin náà kanlẹ̀.

“Kí ló ń ṣe yín tí ẹ ń gbọ̀n?” Ló bá rí ẹ̀jẹ̀. Ó wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ó wo igi. Ó fi èékánná ha pọ́tì, pọ́tì jábọ́. Ó ní, “Ṣé ẹ mọ̀?”

Ó ṣì lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù. “Mo mọ̀. Èmi ni mo dí i. Mo kùn ún kẹ́ ẹ má bàa rí i. Ìyá, ẹ dárí jì mí.”

“Dìde.”

Ọ̀wọ̀ ti tán láàárín wọn. Obìnrin náà gbójú sókè wo ibi tó wà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ó dojú garawa dé, ó jókòó lé e. Ó ní, “Àwọn ọmọ méjì wà nílé tí wọ́n ń retí mi. Èmi nìkan ni wọ́n ní.” Kùn-ún-dán ò lè wò ó lójú.

Obìnrin náà wá ní, “Máṣíìnì, kó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ. Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ mí. Àkàbà irin yìí ti di tèmi.”

“Ó ti di tiyín, Ìyá.”

“Kò tíì tó.” Ó nawọ́ sí fèrèsé tó kẹ́yìn, èyí tó wà lókè ibi tí omi dà sí jù. “Ó ku ọ̀kan. Ìwọ lo máa fọ̀ ọ́.”

Kùn-ún-dán gbé àkàbà irin síbẹ̀. Rọ́bà tó wà nídìí rẹ̀ ti jẹ tán tipẹ́, sìmẹ́ńtì ń yọ̀. Àwọn méjèèjì rí i. Bí ẹnìkan ò bá dì í mú nísàlẹ̀, á yọ̀ lọ.

“Gùn ún,” obìnrin náà wí. “Mo máa dì í mú.”

Ó mú àkísà, ó gùn ún. Àtẹ̀gùn kẹta, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án. Nígbà tó dé òkè, irin ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, tàbí òun ló ń gbọ̀n.

“Ìyá, ṣé ẹ dì í mú?”

 Ó gbọ́ tí garawa ha sìmẹ́ńtì bí ìgbà tí ẹnìkan dìde lórí rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá obìnrin náà ń bọ̀ wá di àkàbà mú ni tàbí ó ń lọ.

“Ìyá?”

Kò láyà láti wolẹ̀. Ó gbé àkísà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ dígí.