Owó Oṣù Àkọ́kọ́ Sàláúdéènì, Awakọ̀ Òfurufú

Ní Bẹyẹrúnkà ní Ìbàdàn, gàárì ẹṣin ni àwọn ará Ilé Onígàárì ń ṣe jẹun, kí mọ́tò tó gba àyè ẹṣin lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá. Nígbà tí ọdún 1964 ń lọ sópin, ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí agbo ilé náà fi ń yangàn ni Sàláúdéènì, ọmọ Sìdí opó. Ìjọba ni ó rán an lọ sí òkè òkun láti kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ó dé, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ní Ìkejà gbà á.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní Bẹyẹrúnkà ni pé ní ọdún àkọ́kọ́, owó ẹni tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń san fún awakọ̀ tuntun. Nínú ìwọ̀nba yẹn, ilé iṣẹ́ á yọ owó aṣọ, fìlà àti bàtà. Onílé á gba tirẹ̀. Ìyókù kò tó oúnjẹ.

Bẹ́ẹ̀, àṣà ilé wọn ni pé owó oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ àti ti àwọn àgbà ni, kí wọ́n fi ṣe àdúà fún un. Sàláúdéènì kò yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ Hezekiah, mẹkáníìkì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ó wá sí Ìbàdàn, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé gbogbo owó náà síwájú Àkíbù, àbúrò bàbá rẹ̀, tí í ṣe baálé.

Àkíbù gbàdúà gígùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé tí ń ṣe akọ̀wé ní Àgodi ti sọ àṣà yìí di yẹpẹrẹ tipẹ́. Díẹ̀ nínú owó wọn ni wọ́n ń mú wá, wọ́n á tọ́jú èyí tí ó pọ̀. Àkíbù rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni Sàláúdéènì ṣe.

"Bí díẹ̀ bá tó báyìí," ó wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, "ẹ wá fojú inú wo odindi."

Láti oṣù kejì, ohun tí Sàláúdéènì ń fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan. Ọkàn Àkíbù balẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ọmọ náà ń tọ́jú owó pamọ́ fún ohun ńlá.

Ní Ìkejà, gààrí ni ohun ńlá náà. Sàláúdéènì ń mu ún láàárọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn dé pápákọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì ni ó ní, tí ó ń fọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀, nítorí ọ̀gá kò gbọdọ̀ rí ìdọ̀tí lọ́rùn rẹ̀. Ó fi páálí tẹ́ inú bàtà tí ó ti lu. Bí wọ́n bá pín búrẹ́dì fún un nínú ọkọ̀, ó ń ki ìdajì rẹ̀ sápò.

Ní oṣù March, wọ́n ń gbé àwọn èrò bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ ti ń wálẹ̀, Sàláúdéènì fojú wá gbọ̀ngàn Mápó, ó sì ti ibẹ̀ tọ orí òrùlé dé Bẹyẹrúnkà. Ilé wọn kò ní òrùlé. Ihò pupa ni ó rí, àwọn yàrá là sílẹ̀ bí àpótí tí kò ní ìdérí. Ó rò pé ìjì ni. Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé báwo ni wọ́n ti ga tó. Ó wo aago, ó dá a lóhùn.

Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ráyè, ó sá wálé. Àkíbù jókòó lábẹ́ igi, inú rẹ̀ dùn.

"O ti rí i? Mo ní kí n yà ọ́ lẹ́nu, mo ti ní kí wọ́n ṣí ti àtijọ́ kúrò. Páànù tuntun ló kù kó o rà."

"Páànù àtijọ́ ńkọ́, Bàbá?"

"Mo ti tà á fún àwọn tó ń rọ àdògán l'Ọ́jà'ba. Owó ẹ̀ la fi ra pákó."

Sàláúdéènì yíjú sí ìyá rẹ̀, tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní igun ilé. "Ìyá, owó oṣù àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀ ni mo kó wá."

"Gbogbo ẹ̀ bí i ti báwo?"

"N ò yọ nǹkan kan."

Sìdí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lo wá ń jẹ?"

"Gààrí."

Àkíbù rẹ́rìn-ín. "Awakọ̀ òfurufú ń mu gààrí. Babátúndé tó ń wa lọ́rì láti Oríta-mẹ́rin lọ Kánò ti kọ́lé, ó ti fẹ́yàwó kejì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun sì ń tọ̀ o. Ṣé obìnrin ni l'Ékòó? Sọ ọ́, ọkùnrin ni wá."

"Bàbá, obìnrin wo ló máa bá mi mu gààrí? Ẹ dákun, tí ọdún bá yí po, wọ́n á fi kún un."

"Òjò ni kó o lọ bẹ̀ pé kó dúró dìgbà tí ọdún bá yí po." Ẹ̀rín ti kúrò lójú Àkíbù. "Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Kí Babátúndé mú ọ sọ́dọ̀."

"Mo ti tọwọ́ bọ̀wé. Tí mo bá kúrò, ìjọba á gba owó tí wọ́n fi rán mi níléèwé. Ilẹ̀ tí ilé yìí wà lórí ẹ̀ kò tó san án."

Àkíbù ti ròyìn páànù náà yí ká Bẹẹrẹ. Kò mọ bí òun yóò ti kó ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ilé. Òjò April àkọ́kọ́ jò wọlé, èkejì ṣí imọ̀ náà kúrò. Omi mu ògiri yàrá Sìdí títí ó fi wó lulẹ̀. Sìdí kó ẹní àti ìkòkò rẹ̀ lọ sí Òkè Padre, sílé ọkọ Kúbúrá, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fún un. Ìyá ìyàwó kì í gbé ilé àna. Ìyálé Kúbúrá kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé.

"Ìyá awakọ̀ òfurufú," ni obìnrin náà máa ń wí, bí ó bá ń gbálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, "ṣé ọmọ yín ò rí yín látòkè ni?"

Sìdí á ká ẹsẹ̀ kò.

Nígbà tí oṣù parí, Sàláúdéènì gbé ohun tí ó ní wá bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa páànù. Sìdí mú ìdajì, ó ti ìyókù bọ̀ ọ́ lápò.

"Lọ fi jẹun."

"Ìyá, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ wà."

"Mo mọ ibi tí mo wà. Bí òòyì bá kọ́ ọ lókè ọ̀hún, ta ló máa wá mú mi kúrò níbí?"

Ó padà sí Ìkejà. Nígbà tí ọdún pé, wọ́n fi kún owó rẹ̀. Ó san gbèsè Hezekiah, ó ra páànù fún ojú ilé, níbi tí àwọn tí ń kọjá ti lè rí i, nítorí ibẹ̀ ni Àkíbù kọ́kọ́ ní kí wọ́n kàn. Yàrá igun, ti ìyá rẹ̀, di ti ìgbẹ̀yìn. Òjò ọdún kejì bá ògiri rẹ̀ ní ìwọ̀n orúnkún, ó sì bá Sìdí ní Òkè Padre.