Ọdún Tí A Mú Ajá Relé

Mo ṣì kéré, n kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ní ọdún tí àwọn ṣọ́jà fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá. Ladi-Lak ní Èkó là ń gbé, bàbá mi sì ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó tẹ pósítà àwọn olóṣèlú títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí ìbò parí, ó ní kí gbogbo wa lọ sinmi nílùú wa, lápá Ògbómọ̀ṣọ́. Ìsinmi kẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ mi, ó tún ní a ó mú ajá dání.

Bíńgò là ń pe ajá ọ̀hún. Ìyá mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ta ló ń mú ajá lo ọlidé?" Bàbá mi ní àwọn ayálégbé tó kù kò ní fún un lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ parí. Èmi ni àkọ́bí, itan mi ni wọ́n gbé e lé.

A wọkọ̀ ní Onípáànù. A kò tíì rìn jìnnà tí Bíńgò fi bì sára aṣọ tuntun tí wọ́n rán fún mi. Ó bì ní Ìbàdàn, ó bì ní Ọ̀yọ́. Àwọn èrò ń bú wa, awakọ̀ ń pòṣé, bàbá mi sì ń sùn ní tirẹ̀! Inú bí mi débi pé mo wí i sí ajá náà létí pé ì bá kúkú kú kí n sinmi.

Bí a ṣe dé agboolé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ajá, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí wa o! Mú un wá, ọmọ mi." Kíá ni mo fi okùn lé e lọ́wọ́. N kò béèrè ibi tó ń mú un lọ. Mo lọ wẹ̀.

Ìgbà tí mo ń jẹun ni ìyá bàbá mi là mí lójú. Ọ̀la ni ọdún Ògún, ajá ni wọ́n máa ń pa fún un, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ti ń wá ajá kiri. Ó ní, "Ògún á gbe bàbá yín." Mo ju òkèlè sílẹ̀ sínú abọ́. Mo sáré bá bàbá mi. Onítẹ̀bọmi ni, kì í bọ Ògún, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. "Ṣé kí n wá lọ gba ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti dúpẹ́ rẹ̀ ni? Ṣebí ìwọ lo fi lé wọn lọ́wọ́!" Ó ń bínú sí mi, èmi náà ń bínú sí ara mi.

Mo sá lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, mo kúnlẹ̀. N kò tíì lanu tí Bíńgò fi na ọrùn, tó bì sórí ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná. Alágbẹ̀dẹ fò sẹ́yìn. "Háà! Ajá tó ń ṣàìsàn lẹ gbé ti Èkó wá fún Ògún? Gbé e kúrò níbí!" Mo gbé e. N kò sọ fún un pé ìrìn ọkọ̀ lásán ló ń mú un bì.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó tún bì sí mi lára láti Ọ̀yọ́ dé Onípáànù. N kò pòṣé.

Ayé ti yí o. Bàbá mi kì í fọwọ́ pa ajá lórí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi í sílẹ̀ fún ebi. Àwọn ọmọ ọmọ mi tó ń gbé ní Fọlá Agoro ní ajá tó ń sùn lórí àga, bí wọ́n bá sì ń lọ lo ọlidé, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á ní kí mègáádì máa ju oúnjẹ sí i. Igbe ajá yẹn kì í jẹ́ kí n gbádùn! Mo ní kí wọ́n mú un dání, wọ́n ní, "Màmá, á máa bì sínú mọ́tò."

Kó máa bì. Ẹ gbé e lé mi nítan.