Ìyá Fẹ́lẹ́ àti Ẹran Ẹlẹ́rìí tó Yadi

Nínú gbogbo àwọn tó ń fi ọ̀bẹ jẹun láyé yìí, kò sí ẹni tó mọ ẹran gé bí Ìyá Fẹ́lẹ́. Ilé àyẹ̀wò ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí dókítà bá gé díẹ̀ lára kókó tó yọ sí ọ̀fun aláìsàn, wọn á rì í sínú ìda, ìda á gan, Ìyá Fẹ́lẹ́ á wá fi ẹ̀rọ ré e, á jẹ́ kó léfòó lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á sì fi dígí gbé e. Bí o bá tẹ́ ohun tó ré yẹn sórí ìwé ìròyìn, wàá ka ìròyìn náà tán, wàá tún ka èyí tó wà lẹ́yìn ìwé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sín bó bá ń gé e. Ọ̀gá àgbà kan sín lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá ẹran náà, ara àjà ni wọ́n ti bá a.

Gígé nìkan sì kọ́. Purotéènì kan wà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè, ẹ̀rìndínlógún. Bí ó bá kún inú jẹjẹrẹ ọ̀fun, ìtọ́jú sábà máa ń ká irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ọ̀fun sì sábà máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí tirẹ̀ kò ní in. Kì í ṣe ìlérí; àmì ni. Kí wọ́n tó lè rí i, wọ́n á se dígí náà nínú ìkòkò onírọ́bà tó ń súfèé, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń se ẹ̀wà nílé, kí ooru lè ṣílẹ̀kùn ẹran. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kán oògùn sí i. Bí purotéènì bá wà ńbẹ̀, ẹran á di búráùn bíi tíì tó gbó. Wọ́n á fi ẹran mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní purotéènì náà. Ẹran ẹlẹ́rìí ni Ìyá Fẹ́lẹ́ ń pè é: bí ẹlẹ́rìí kò bá sọ̀rọ̀, ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó bá bàbá kan lórí bẹ́ǹṣì níta. Onígbàǹjo ni bàbá náà. Nígbà tí ohùn rẹ̀ pé, bó bá pe iye ọjà kan, ẹni tó wà ní àdúgbò kẹta á ti máa wá owó. Báyìí, ohùn ọ̀hún kò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gé mi?"

"Wọ́n ti gé yín tán, bàbá. Èmi kàn ń ré ohun tí wọ́n gé ni."

"Bébà yín ni mò ń dúró dè. Bó bá ní ìrètí wà, màá gba iná ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi tọ́jú ọ̀fun mi. Bí kò bá sí, kí ẹnikẹ́ni má yan ọ̀fun mi lásán. Màá fi ìwọ̀nba ohùn tó kù ta ọjà títí á fi tán."

Ìyá Fẹ́lẹ́ wọlé kíá. Dókítà tó ń wo dígí ti kọ "kò sí" sórí bébà bàbá.

"Ẹlẹ́rìí ńkọ́, dókítà?"

"Mi ò wò ó, màmá. Ṣé ẹlẹ́rìí ló kù tí màá bi ní ohun tí mo fojú ara mi rí?"

Ìyá Fẹ́lẹ́ tẹjú mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹran ẹlẹ́rìí funfun bí òwú.

"Ẹlẹ́rìí yadi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bíírò yẹn sílẹ̀."

Ó yẹ oògùn wò, oògùn kò tíì kọjá ọjọ́. Ó gbé ìkòkò kaná, ìkòkò ń tú èéfín létí bí arúgbó tó ń mu tábà, kò súfèé rárá. Ó yọ rọ́bà rẹ̀. Rọ́bà náà ti gbó, ojú iná sì wà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣíbí gbígbóná jó o níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ní ilé ìdáná tirẹ̀.

Ó fi fóònù pe ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì bá a tún ọwọ́ ìkòkò náà ṣe lọ́jọ́ Sátidé.

"Bàbá Ìbejì, rọ́bà ìkòkò ibi iṣẹ́ mi dà?"

"Ó wà lára tiwa. Tiwa ti gan, tiyín rọ̀. Mo ní ọsibítù á ra òmíràn."

"Ẹ fi rọ́bà ilé àyẹ̀wò se ẹ̀wà?"

"Ìwọ náà jẹ ẹ́. O tún bù sí i. O ní láti ọjọ́ tí o ti fẹ́ mi, ẹ̀wà ò rọ̀ tó báyìí rí."

"Ẹ gbé e bọ̀."

"Òmíràn ṣì wà lórí iná."

"Ẹnì kan jókòó síta níbí, Bàbá Ìbejì. Ara rọ́bà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀fun rẹ̀ wà."

"Mò ń bọ̀," ni ọkùnrin náà wí. Ó pa iná, ó fọ rọ́bà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gun alùpùpù. Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni. Wọ́n ní nígbà tó fi máa dé, ohùn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lórí fóònù.

Ìyá Fẹ́lẹ́ ré òmíràn. Ìkòkò súfèé, kò sẹ́ni tó mí títí ó fi dákẹ́. Ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ti bàbá pọ́n: nínú hóró ẹran mẹ́wàá, mẹ́sàn-án di búráùn.

Ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ rọ́bà fún dókítà láìbo nǹkan kan. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó wá mú bébà tó kọ "kò sí" sí jáde.

"Mo ti fọwọ́ sí tàkọ́kọ́ yẹn, màmá. Òǹtẹ̀ ló kù." Ó fà á ya.

Dókítà tó ń tọ́jú bàbá kò ṣèlérí. Ó ní àmì náà dára, ọ̀nà wà, ọ̀sẹ̀ méje sì ni iná.

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di márùn-ún," ni onígbàǹjo wí.

"Méje ni, bàbá."

"Mẹ́fà. Ẹ ò ní rí oníbàárà bíi tèmi."

"Méje."

Bàbá fi ọ̀rọ̀ iye sílẹ̀. "Ohùn mi ńkọ́?"

"Ó lè há fúngbà díẹ̀."

"Híhá kì í ṣe kíkú." Ó gba bíírò, ó fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú, ó ní kí wọ́n kọ àárọ̀ sílẹ̀ fún òun, torí ọ̀sán lòun ń tajà.